Oríkì Baba Onílé Tí Kì Í Na Ènìyàn

Ẹ kúulé o, Baba Lánlọ́ọ̀dù!
Ẹ kú ìjókòó ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìṣọ́ òru.
Àgbà tí ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ojúlé méjìlá ń pa rédíò.
Kábíyèsí yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan.
Ọba tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn,
tó fi àgádágodo ṣe ọ̀pá àṣẹ.
Ẹ̀fọn tó wọ agbádá, tó ń kí ènìyàn kó tó jẹ ẹ́.
Eṣúṣú tó mọ orúkọ ọmọ gbogbo ẹni tó lẹ̀ mọ́ lára.
A-pa-iná-yàrá-kẹta-kí-yàrá-kẹrin-lè-mọyì-ìmọ́lẹ̀.

Àwọn onílé mìíràn wà tí wọ́n ń na ayálégbé, tí wọ́n ń ká páànù orí ilé nígbà òjò, tí wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn gbé sá lọ. Iṣẹ́ ọmọdé ni. Kí ni wọ́n ń fi ariwo ṣe? Ẹ̀yin kò na ẹnikẹ́ni rí. Ẹ kò bú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rín ni tiyín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí ń mú ènìyàn gbọ̀n nínú ooru oṣù kẹta.

Kí n tó máa bá oríkì yín lọ, ẹ jẹ́ kí n júbà.
Ìbà Agílítì lẹ́yìn ọjà Mile 12, níbi tí òórùn tòmátì ti ń pàdé afẹ́fẹ́ Odò Ògùn.
Ìbà Kétu, ìbà Ìkòsí, ìbà Aláperẹ̀ ọ̀nà tóóró.
Ìbà Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ dún létí yín bí àṣẹ láti òkè wá: kò sí ọ̀fẹ́!
Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́.
Òjìji ògiri kì í ṣe ọ̀fẹ́.
Oorun kì í ṣe ọ̀fẹ́, pàápàá oorun àsùnwọra.
Ọgbọ́n yín ló gba owó fèrèsé lọ́wọ́ èmi tí mò ń gbé yàrá keje, nítorí pé fèrèsé mi kọjú sí títì, tí mo sì ń rí ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ní 1897, ọmọ Áyálándì kan, Bram Stoker, tẹ ìwé jáde nípa ìjòyè kan tó ń jẹ́ Dracula, tó ń gbé ààfin orí òkè ní Transylvania. Òkú ni ìjòyè náà, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun kú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ń mu tí ara rẹ̀ fi ń jọ̀lọ̀. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan, Jonathan Harker, rìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá a nítorí ilé tí ìjòyè fẹ́ rà ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wò ó, Baba, ọ̀rọ̀ ilé náà ló bí i! Ìjòyè gbé oúnjẹ fún àlejò, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ó bá a ṣeré dé òru. Àlejò wá dìde lọ́jọ́ kan, ó ń ti ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló wà ní títì pa. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé ti ń bẹ̀rù Dracula. Wọn ò tíì dé Agílítì ni.

Ta ni Dracula níwájú yín?
Àdán ló ń yí padà sí. Ẹ̀yin ò yí padà, bí ẹ ti wà náà nìyẹn.
Pósí ló ń sùn sí. Ẹ̀yin kì í sùn rárá.
Òru ló ń rìn jù. Ẹ̀yin ń rìn ní òru, ẹ ń rìn ní àárọ̀, ẹ ń rìn ní ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí ènìyàn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.
Wọ́n ní kò lè wọ ilé bí ẹnìkan nínú ilé kò bá kọ́kọ́ ké sí i. Ojo! Ẹ̀yin ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Ààfin àwọn ọba Òyìnbó a máa ní kòtò omi yíká, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé láìgbàṣẹ. Tiyín, Odò Ògùn ló bá yín gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò sì kún, omi á wọ Agílítì, á wọ Owódé Onírin, á dé Ajégunlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, bí ó ti ṣe ní 2010 tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Kòsọ́fẹ́, ẹ̀yin nìkan ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ pákó méjì sórí omi fún wa, ẹ̀yin Baba aláàánú. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá sì lù, ẹ á ká pákó wọlé. Ẹni tó wà nínú ilé, ó ti di tiyín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó wà níta, kó máa bá ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n orí Ìyá Aláta, yàrá kẹta, ni iṣẹ́ ọwọ́ yín ti pé jù. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ.

Aago mẹ́rin ìdájí ni obìnrin náà ń jáde lọ sí Mile 12, nígbà tí àwọn tírélà láti Òkè Ọya ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti rodo sílẹ̀. Àwọn ọba mìíràn ṣì ń hanrun. Ẹ̀yin ti wà lórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ géètì, nínú òkùnkùn, láìtan iná. Yóò tẹ ẹsẹ̀ kan jáde, ohùn yín á sì ti inú òkùnkùn pàdé rẹ̀: “Ìyá Aláta. Wọ́n ní apẹ̀rẹ̀ ti gbówó lórí. Èrè ti wà nínú ọjà nìyẹn.”

A-ṣírò-owó-olówó kí olówó tó kà á!
Akọ̀wé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó mọ gbèsè gbogbo ṣọ́ọ̀bù!
Kò tíì tà, ẹ ti mọ iye tó jẹ.
Kò tíì jẹun, ẹ ti mọ ohun tó sè.

Bó bá dé ní ọ̀sán, ẹ ó ní: “Bí ọmọ ni mo mú ẹ. Mi ò lè lé ẹ.” Bó bá ń pọn omi, ẹ ó ní: “Kí ló máa mú mi lé ẹ?” Bó bá ń sá aṣọ: “Wọ́n ń sọ pé kí n lé ẹ, mo ní rárá.” Ta ni wọ́n? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìlélọ nínú ọgbà yìí rí àfi ẹ̀yin. Ẹ wo bí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gbin ẹ̀rù, tí ẹ ń bomi rin ín nígbà mẹ́ta lójúmọ́, títí obìnrin tí kò rò ó rí fi bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá pé ẹrù òun wà ní títì. Ó ń jí lóru kígbe. Ẹ̀yin náà ló sì ń lọ kí i ní àárọ̀: “Ìyá Aláta, mo gbọ́ igbe rẹ. Ṣé kò sí?”

Ti òru ńkọ́? Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi láti yàrá keje. Ẹ kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ kàn ń wá dúró lẹ́yìn kọ́tìnì rẹ̀, kí imú sálúbàtà yín méjèèjì yọ lábẹ́ aṣọ náà. Wákàtí kan, wákàtí méjì. Òun náà jókòó sí orí bẹ́ẹ̀dì nínú, ó ń wo sálúbàtà. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, láìgbé ọwọ́ kan sókè?

Ìgbà tó lọ sọ́jà, ẹ wọlé. Ẹ kò jí nǹkan kan, ẹni iyì ni yín. Ẹ kàn gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ kàn dojú fọ́tò ìyá rẹ̀ kọ ògiri. Ó dé, ó wo ìkòkò, ó wo fọ́tò, ó jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ka ohun ìní rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

A-wọlé-láìmú-nǹkan, tó kó gbogbo rẹ̀ lọ!

Dígí kì í rí Dracula. Àlejò rẹ̀ ń fá irùngbọ̀n, ìjòyè dúró lẹ́yìn rẹ̀, dígí ṣófo; ìjòyè bínú, ó ju dígí gba ojú fèrèsé. Rìsíìtì ni dígí tiyín. Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Aláta ti ń san owó ilé, kò sí bébà kan láyé tí ojú yín hàn nínú rẹ̀. Òfin ilé yíyá Èkó tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí ní 2011 ní kí onílé máa kọ rìsíìtì fún owó ilé tó bá gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó san ₦10,000. Ẹ̀yin kò fi ojú yín wọ́lẹ̀ dé orí bébà. Ẹlẹ́mìí-àìrí ni yín, owó nìkan ló ń rí yín.

Lọ́jọ́ kan, àlejò Dracula ní òun fẹ́ máa lọ lóru yẹn gan-an. Ìjòyè ò bá a jiyàn. Ó mú un dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ìkookò ló wà níta, wọ́n ń hu, eyín wọn ń dán. Àlejò fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn padà. Ẹ̀yin ti ń dá àrà yìí láìní ìkookò kan. “Géètì ṣí sílẹ̀ o, Ìyá Aláta. Mi ò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.” Ó jáde. Ó lọ wo yàrá kan ní Aláperẹ̀, ó lọ wo òmíràn ní Ìkòsí. Àwọn ẹ̀jẹ́ńtì tò sójú ọ̀nà: owó fọ́ọ̀mù, owó wíwo ilé, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ̀n, owó kọ́ṣọ̀n, owó ilé ọdún méjì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà dé. Ó kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ní, “Káàbọ̀, ọmọ mi,” ẹ sì fi owó kún owó ilé.

Ọlọ́gbà tí kò ní okùn, tí ẹran rẹ̀ ń padà wá fúnra rẹ̀!

Ibi tí ẹ ti ju ìjòyè lọ pátápátá nìyí. Dracula la àyà ara rẹ̀, ó fi ipá mú Mina, aya Harker, mu nínú ẹ̀jẹ̀ náà kí òun náà lè di ara rẹ̀. Ìdọ̀tí ni, ó ba aṣọ jẹ́. Ẹ̀yin lo òfin. Òfin 2011 kan náà ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, pé ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jọ jẹ̀bi: ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ gba ọdún méjì lọ́wọ́ Ìyá Aláta lọ́jọ́ tó kó wọlé. Ìgbà tí owó ti wọ àpò, ẹ pè é jókòó, ẹ ka òfin fún un bí ẹni ń ka Sáàmù: “Èmi gbà, ìwọ san. Bí o bá pè mí lẹ́jọ́, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.” Ó gbé ẹ̀bi náà mì. Ọdún mẹ́fà, ó ń bò yín láṣìírí bí ìyàwó.

Ọ̀mọ̀wé tó mọ ìlà tó yẹ kí ìwé kíkà dúró sí!
Ẹ kò ka ibi tí wọ́n ti ní ayálégbé ọlọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó jáde.
Ẹ kò ka ibi tí wọ́n ti ní onílé tó bá fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe dẹ́rù ba ayálégbé kó lè jáde, yóò san ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.
Òfin náà yọ Ìkòyí sílẹ̀, ó yọ Victoria Island, ó yọ Àpápá, ó yọ GRA Ìkẹjà. Kò yọ Agílítì! Àwọn aṣòfin ò mọ̀ pé ààfin wà níbí.

Wọ́n ní agbára Dracula kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, nígbà náà ni ó ń sá. Ẹ̀yin kì í sá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, Ìyá Aláta ti ọjà dé pẹ̀lú lẹ́tà kan nínú àpò ìwé. Ìjọba Èkó ti dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ láti 1999, ilé ìlàjà tí onílé àti ayálégbé ń jókòó sí níwájú ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Obìnrin tó ń bá a tajà ló júwe rẹ̀ fún un. Ìyá Aláta lọ ro ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀ títí dé orí owó ọdún méjì. Wọ́n kọ lẹ́tà ìpè sí yín, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀fẹ́, Baba. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun etí yín, ẹ foríjì mí.

Ẹ rán ọmọ kékeré sí wa pé kí á ní ẹ ò sí nílé. Mo jẹ́ iṣẹ́ ọba: mo ní, “Wọn ò sí nílé.” Àwọn ojúlé méjìlá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gbé oríkì yín. Rédíò ń kọrin. Kábíyèsí tí kì í sá, ẹ dúró gbọin lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá yín, ẹ ò mira, ẹ ò wúkọ́. Imú sálúbàtà méjèèjì yọ lábẹ́ aṣọ.

Ìyá Aláta wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi lẹ́tà náà síwájú sálúbàtà, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, apá rẹ̀ ní kíká.

Lẹ́yìn náà, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.