Áàpù Tó Fẹ́ Kọ́ Ìlàjẹ ní Òkun

Bó bá wù yín láti tẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ẹ má wulẹ̀ jalè, ẹ má sì jẹ gbèsè. Ẹ kọ áàpù tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún, kí ẹ wá gbé e lọ ṣàfihàn níwájú àwọn ará Ìlàjẹ. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mo ń pe ara mi o. Ugbónlà ni ìyá mi ti wá, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni mo dàgbà sí, omi ẹ̀rọ nìkan ni mo sì mọ̀. N kò lè lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà gbé iṣẹ́ àṣekágbá wa jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo ní kí n fi hàn pé ọmọ olómi ni mí. Mo ṣe áàpù kan, mo pè é ní Omi-Kún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun máa ń kún létíkun wa, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló sì wà láàárín ìkún kan sí èkejì. Òṣùpá ló ń fà á. Nítorí náà, ìkún tọ̀la máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 yàtọ̀ sí tòní. Mo mú àkókò ìkún ọjọ́ kan, mo ní kí áàpù máa fi 50 ṣírò lọ lójoojúmọ́. Olùkọ́ mi ní kí n lọ dán an wò létí omi. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti dán an wò. Mo pe ìbátan mi kan tó ń gbé létí òkun, ó ní lóòótọ́ ni, omi ti kún. Mo jó.

Ọdún yẹn ni wọ́n wá pinnu pé ká kúrò nínú ọgbà, ká gbé àfihàn lọ bá àwọn tí iṣẹ́ wà fún, ní gbọ̀ngàn kan létí òkun tí kò jìnnà sí Ayétòrò. A wọ ọkọ̀ ní Igbókòdá. Mo wọ kóòtù, mo de táì, bàtà mi ń dán. Kí a tó dé, èébì ti ba táì jẹ́.

Olùkọ́ méjì, bàbá àgbà awakọ̀ ojú omi kan àti màmá kan tó ń ta edé ni adájọ́. Nígbà náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè náà kò rí iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ la gbé lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Ẹ wo ògiri" ni jẹnẹrétọ̀ kú. Mo ṣì ń nawọ́ sí ògiri òfìfo, mo ń sọ pé "gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń rí i."

Nígbà tí iná dé, ohun tó kọ́kọ́ hàn ni: ÌṢÒRO ÒKUN TI PARÍ! Ọkùnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. "Ọmọ mi, ilé mi tó ti wọnú òkun, ṣé ó ń padà bọ̀ ni?" Láti 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ ti tẹ Ayétòrò dó, òkun sì ti gba ilé wọn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó yẹ kí n ti rò ó kí n tó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Mo yára ṣí ojú ewé tó kàn.

"Ní báyìí, omi ti kún bámúbámú."

Bàbá awakọ̀ wò mí. "Báyìí báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Wo ojú fèrèsé."

Etíkun ẹrẹ̀ Mahin ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe ibẹ̀. Yanrìn kò sí, ilẹ̀ sì tẹ́jú. Bí omi bá fà díẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ló kù. Gbogbo ọkọ̀ ló ti gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ajá tí oòrùn mú.

Ká ní mo dákẹ́ ni. Mo ní, "Bàbá, ó lè jẹ́ pé òkun ló pẹ́ lónìí."

Ẹ̀rín bo ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo tún ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wò ó fúnra mi. Ẹrẹ̀ mù mí dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, bàtà kò bá a jáde. Màmá elédé ké láti ojú fèrèsé: "Ṣé áàpù yẹn lè bá wa wá bàtà?"

Bàbá awakọ̀ ló fà mí yọ. Bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀, ó ní, "Omi ń bọ̀, má mikàn. Ti ọ̀la á tún pẹ́ ju tòní lọ díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò yára dé ju ti àná lọ rí."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ibi tó yẹ kí n ti fi 50 kún un, ńṣe ni mo ń yọ 50 kúrò. Àṣìṣe ìṣẹ́jú 100 lójúmọ́! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó ti di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40, ìyẹn sì tó láti pe omi tó fà ní omi tó kún. Ọjọ́ tí mo ń jó, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìṣirò bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ohun tí áàpù máa yọ. Bàbá tí kò rí kọ̀ǹpútà mi ló bá mi rí àléébù inú rẹ̀.

Mo tún un ṣe, mo sì fi ẹsẹ̀ kan bàtà gbé fóònù lọ bá màmá elédé. Ó wò ó, ó wo òkun.

"Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìyẹn kí o tó dé. Èló ni wọ́n ń ta edé ní Igbókòdá láàárọ̀ yìí?"

Áàpù kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ìyẹn ni mo wá ń ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ́ nídìí ìyẹn, ó tún di ọjọ́ mìíràn.