Ọ̀yà Nínú Oko Ìrèké Kúbà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Kìnnìún ọba Sípéènì, Ìjàpá akọ̀wé rẹ̀, àti Ọ̀yà tí wọ́n jí gbé nílẹ̀ wa lọ sí Kúbà.

Ẹ̀yin náà mọ bí Ọ̀yà ṣe fẹ́ràn ìrèké tó. Lóko Kìnnìún, òun ní í gé e, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Nígbà tí àwọn ẹrú Haiti dìde ní 1791 tí wọ́n dáná sun oko ọ̀gá wọn, ṣúgà wọ́n lọ́jà. Inú Kìnnìún dùn. Ó ní kí wọ́n kó Ọ̀yà wá sí i. Lúkúmí ni wọ́n ń pe àwọn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Lásìkò ìkórè, ẹ̀rọ ìfúnrèké kì í sùn. Ẹni tó ń ki ìrèké bọ̀ ọ́ lẹ́nu bá tòògbé, apá lọ. Ìjàpá a máa ka ìtì ìrèké, a sì máa kọrin. Ẹ gbè é!

Ọ̀yà, ta ló ni ọ́? — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n
Kìnnìún ló ni mí — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n
Ta ló gé ìrèké? — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n
Èmi ni mo gé e — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n
Ta ló lá ṣúgà? — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n
Má bi mí léèrè — Kẹ́rẹ́ńjẹ́n

Ní 1817, Gẹ̀ẹ́sì ní kí Kìnnìún jáwọ́ nínú òwò ẹrú, ó sì fún un ní 400,000 pọ́n-ùn gba-má-bìínú. Kìnnìún gbowó, ó tọwọ́ bọ̀wé. Ó yẹ kí òwò náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1820. Kàkà bẹ́ẹ̀, òru ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀. Ojú Ìjàpá a fọ́ bí ọkọ̀ bá dé, a sì là bí owó bá dé.

Ní 1843, ní Matanzas, abo Ọ̀yà kan tó ń jẹ́ Carlota, Lúkúmí pọ́nńbélé, yọ àdá ìrèké sí àwọn ọ̀gá lóko Triunvirato. Wọ́n pa á.

Ní 1880, Kìnnìún kéde pé Ọ̀yà ti dòmìnira, àmọ́ kó ṣì sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ sí i. Irú òmìnira wo nìyẹn? Ọdún 1886 ni okùn tó já.

Ọ̀yà gbébọn ti Kìnnìún. Ìjà ń wọra ni Idì bá fò dé láti Amẹ́ríkà ní 1898, ó lóun wá ṣèrànwọ́. Nígbà tí wọ́n jókòó pín ogún ní Paris, Kìnnìún wà ńbẹ̀, Idì wà ńbẹ̀. Wọn ò pe Ọ̀yà. Ní 1901, Idì ki gbólóhùn kan bọ òfin Kúbà: ìgbà tó bá tọ́ lójú òun lòun lè dá sí ọ̀rọ̀ ilé náà.

Ìjàpá fa ìlà lé orúkọ Kìnnìún, ó kọ ti Idì sí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Èló ni ká kọ fún Ọ̀yà?"