Gbogbo Wọn Ń Tẹ̀ Síwájú

Bí àwọn ọmọ ogun wa ṣe ń tẹ̀ síwájú lórí rédíò nígbà ogun Liberia, ó yẹ kí wọ́n ti dé Senegal kí ọdún 1990 tó parí. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Monrovia, olú ìlú Liberia. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́gun ni wọ́n ní ká máa fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀ ní Olódò, abúlé wa ní Ìbàdàn, òun náà la fi ń jẹ àmàlà lálẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé BBC náà ń wọlé ní abúlé wa. Ẹ yí rédíò síbẹ̀, Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ Liberia, fúnra rẹ̀ lẹ ó gbọ́, tó ń fi fóònù sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Òun náà ń tẹ̀ síwájú! Ìyá kan tó ń yan gàrí nítòsí dá igbá ọwọ́ rẹ̀ dúró: “Tibí ń lọ síwájú, tọ̀hún ń lọ síwájú, ta ló wá ń padà sẹ́yìn?” A ní kí màmá máa ro gàrí wọn kó má jóná.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ECOMOG dé tí Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, fi wọ ibùdó wọn ní èbúté, tó gbé Ààrẹ Samuel Doe ti Liberia lọ, tó sì pa á. Lójú rédíò wa, àlejò ló wá kí ààrẹ. Ní 1992, lẹ́yìn ọdún méjì tí a ti ń ṣẹ́gun rẹ̀, Taylor tún ya bo Monrovia.

Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn Guardian àti Tayo Awotunsin ti ìwé ìròyìn Champion ò jókòó sí Èkó kọ ogun. Wọ́n lọ fojú ara wọn rí i ní 1990. Àwọn ọmọ ogun Taylor pa wọ́n. Mi ò lẹ́fẹ̀ kankan láti ṣe níbí.

Ẹni tí rédíò ti ṣẹ́gun tán ló wọlé ìbò ààrẹ ní 1997. Ní 2003, àwa náà la tún fún un nílé ní Calabar. Obasanjo, ààrẹ wa nígbà náà, ní iṣẹ́ ECOMOG gba dọ́là bílíọ̀nù 8 lọ́wọ́ wa. Owó, wọ́n kà á. Òkú ńkọ́? Bárékè Odogbo ní Òjòó ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí kò padà, àwọn ìyàwó sójà ni kó lọ bi.

Ẹ̀yin oníròyìn, bí ogun mìíràn bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ àwọn tó kú kí ẹ tó ka ti ìlú tí a gbà.