Ẹfọ̀n Tó Di Ẹ̀fọn

Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò jà pé wọn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, èmi náà ni wọ́n ń kí ní "Bàbá Ẹ̀fọn" báyìí láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹbúté Èrò. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Àbúrò ìyàwó mi ló fi líìgì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan hàn mí, ti bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀. Ìwọ kóòṣì lo máa fi owó inú eré kó àwọn ọmọ jọ, wàá tò wọ́n sípò, kọ̀ǹpútà á wá ta ayò náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ẹgbẹ́ kan. Kíá, mo mú Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Washington lọ́dún 1867. Ṣebí ibẹ̀ ni Azikiwe ti kàwé kó tó lọ sí yunifásítì Lincoln? Azikiwe kan náà tó gbé ìwé ìròyìn West African Pilot jáde l'Ékòó lọ́dún 1937, tó sì dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ lọ́dún 1938. Ilé wa ni Howard.

Bison ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ Howard, ẹran tó jọ ẹfọ̀n tiwa. Ni mo bá fi ìkéde sórí WhatsApp àdúgbò: "Egbe Efon yoo gba boolu lale Satide. Awon a ya!" Ẹfọ̀n tí ọdẹ ń rí tó fi ń gun igi ni mo ní lọ́kàn, àti àwọ̀n ojú ilé.

Títò ẹgbẹ́ wá kù. Èmi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Campos l'Ékòó láti kékeré, ta ló fẹ́ kọ́ mi? Mọ́kànlá ni wọ́n lórí pápá bíi tiwa. Ìyẹn ló tàn mí. Mo wá aṣọ́lé títí, n ò rí. Mo rí "kicker". Áà, agbábọ́ọ̀lù gidi rèé! Mo kó gbogbo owó lé e lórí, mo sì pàṣẹ pé òun ni kó máa gbá gbogbo bọ́ọ̀lù.

Alẹ́ Sátidé pé. Mo rẹ́ńtì ìjókòó, mo tan jẹnẹréétọ̀, mo ta aṣọ funfun sára ògiri. Èrò dé. Ìyá ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Níbo la ti ń gba àwọ̀n? Àwa mẹ́fà la wà nílé." Ọ̀gbẹ́ni kan tiẹ̀ gbé oògùn ẹ̀fọn wá láti fi ràn wá lọ́wọ́.

Eré bẹ̀rẹ̀. Kò sí àwòrán. Lẹ́tà Òyìnbó ló ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri.

"Bọ́ọ̀lù dà?" Bàbá onílé wa ló bi mí.

"Inú kọ̀ǹpútà ló wà, sà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Àṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù ọ̀hún sá lọ bí ẹni tó jí i! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa fún ọ láti fi lọ síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí o bá gbé e dé òpin pápá, pọ́ìntì 6 ni. Bí o bá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó, 3 péré. Àwọn tó yẹ kó dáàbò bo agbábọ́ọ̀lù mi, n ò lówó tí mo fi wá wọn. Wọ́n lù ú bí ẹni tó wọ sálúbàtà pàdé Ẹ̀yọ̀. 63 sí òdo.

Jẹnẹréétọ̀ náà ò lè wò ó mọ́, ó kú. Nínú òkùnkùn biribiri ọ̀hún, a gbọ́ ohùn kan tó ń kùn bọ̀ láti ojú gọ́tà.

"Kóòṣì," ni ìyá ẹlẹ́kọ wí, "ẹgbẹ́ rẹ ti wọlé o."

Mo fọwọ́ gbá ọ̀kan létí ara mi, pàá! Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wa gbá lálẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló bà.