Abẹ́ Igi Náà Ni Wọ́n Ti Dájọ́ Ikú fún Un

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Èmi kì í ṣe onílé, ẹgbẹ́ onílé kì í sì í pè mí sí ìpàdé. Télọ̀ ni mí. Yàrá kan ni mo gbà ní Múṣin, abẹ́ igi fúrúùtù kan tó wà létí gọ́tà ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, torí owó ṣọ́ọ̀bù ti kọjá agbára mi. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé páànù, wáyà àti bíríkì ló kún ibẹ̀. Igi kan ṣoṣo tó kù ní òpópónà, orí ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti máa kí i. Àwọn onílé wa kò kí i. Wọ́n pèpàdé lé e lórí.

Ẹ jẹ́ n ka ẹ̀sùn rẹ̀ fún yín. Onílé àkọ́kọ́ ní ewé igi ló ń dí gọ́tà. Ewé! Gọ́tà tí mo ti rí ọ̀rá píọ̀-wọ́tà, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tìmùtìmù àti àbọ̀ àga mọ́tò nínú rẹ̀, ewé ni wọ́n rí mú. Lóòótọ́, igi fúrúùtù máa ń wọ́wé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n ròdòròdò, á wá máa já lulẹ̀. Èmi tí mò ń gbá a láràárọ̀ kò fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò mọ ibi tí ìgbálẹ̀ wà nílé wọn ló ń fẹjọ́ sùn.

Wòlíì tó ń gbàdúrà ní ojúlé kejì ní àwọn àjẹ́ ń ṣèpàdé lórí igi náà lóru. Ìtòsí ibẹ̀ ni mò ń sùn. Àdán ni mò ń gbọ́, àdán tó ń bá ara wọn jà nítorí èso. Bó bá sì jẹ́ pé àjẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, á jẹ́ pé ìpàdé tiwọn máa ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò, nítorí aago mẹ́rin ni ẹgbẹ́ onílé pe tiwọn, aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni akọ̀wé tó dé.

Ọ̀gá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò ní ẹyẹ ń yàgbẹ́ sórí ọkọ̀ òun. Ẹ bá mi bi í léèrè ìdí tó fi ń gbé ọkọ̀ ọ̀hún síbẹ̀ lójoojúmọ́, tó tún fi táyà àlòkù méjì há ààyè náà kí ẹlòmíì má bàa gbé tiẹ̀ síbẹ̀. Ibòji ló ń wá, kò kàn fẹ́ kí ẹyẹ bá òun pín in ni.

Níbo ni wọ́n ti ṣe ìpàdé? Abẹ́ igi ni. Iná kò sí, pálọ̀ Alága ẹgbẹ́ onílé gbóná, ni wọ́n bá kó wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà mi ni wọ́n gbé fún akápò. Alága dìde, ó nàka sí igi, ó ní, “Nǹkan yìí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí.” Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ti ń ta á létí. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní kí gbogbo ilé sún àga wọn wọ abẹ́ ibòji dáadáa, ó wá bá ẹ̀bi igi lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa igi láàárín wa ni bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igbó ọba. Bàbá Fọ́rẹ́sìrì là ń pè é. Bàbá ní igi ò ṣẹ̀. Ẹ̀ka tó kan wáyà, kí wọ́n wá ẹni tó mọṣẹ́ kó bá wọn rẹ́ ẹ. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gé ẹ̀ka ńlá, abẹ́ ẹ̀ka ló máa kọ́kọ́ fi ayùn rẹ́ díẹ̀, kó má bàa fa èèpo ara igi ya nígbà tó bá ń já bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sún síwájú díẹ̀, kó gé e láti òkè. Èyí tó bá kù, ibi tí ẹ̀ka ti wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì ni yóò ti gé e: kò ní fi í sílẹ̀ gbọọrọ, kò sì ní há a mọ́ ìtì, torí ibi wíwú yẹn ni igi fi ń bo ojú egbò rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá bẹ́ igi lórí pátá, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á sáré hù yí ojú egbò ká, wọn ò ní rí ibi dì mú dáadáa, egbò á sì máa jẹrà lábẹ́ wọn. Ìjì tó bá ṣáájú òjò wá nínú oṣù Kẹta ló máa já wọn lu orí ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí íńtálọ́ọ̀kì tí Alága tẹ́ yí ìdí igi ká, tó fún un lọ́rùn bí ẹni so táì mọ́ ewúrẹ́. Ó ní èèyàn rò pé gbòǹgbò ń lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Omi àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá kiri, sìmẹ́ńtì sì ti dí méjèèjì. Àwọn tó tún gọ́tà gbẹ́ ti gé gbòǹgbò apá kan dànù. “Tó bá ṣubú,” Bàbá ní, “a ò ní sọ pé àwa la gé e lẹ́sẹ̀. A ó ní ọwọ́ ayé ni.”

Ìyá Alágbo pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló gbèjà igi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá yíjú sí i, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń pa á.” Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí ìyá ti ń bó èèpo igi yẹn sínú ìkòkò àgbo: lónìí lápá ọ̀tún, lọ́la lápá òsì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Bí wọ́n bá bó o yípo, ebi á pa gbòǹgbò kú, ewé á ṣì wà lórí, èèyàn á rò pé igi wà láàyè. Ìyá ní àwọn tó ń mu àgbo òun ń gbádùn, igi náà á gbádùn.

Ìdáhùn tí ẹgbẹ́ onílé fún Bàbá ni pé kó kọ́kọ́ san owó ọlọ́dẹ tó jẹ.

Mo wá gbẹ́nu sí i, èmi ayálégbé. Mo ní Èkó lófin o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi láìgbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó igi ìlú. Alága ní igi ìjọba nìyẹn ń bá wí. Èyí ńkọ́, ta ló gbìn ín? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí èso wà lórí rẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ni ín. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ewé dé, kò ní bàbá.

Mo ní kí wọ́n rántí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, pé èèwọ̀ ni gígé igi níbẹ̀ láti ayébáyé, ìyẹn ló jẹ́ ká ṣì rí i. Wòlíì ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èmi àti igi yẹn jọ ní nǹkan pọ̀. Mo jókòó. Ìdí-Àràbà, tó ń jẹ́ orúkọ igi, wà ní Múṣin níhìn-ín náà. Kọ́ńdọ́ ń pè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò tíì rí èrò kan tó sọ̀ kalẹ̀ tó béèrè àràbà.

Akọ̀wé ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n á gbin òmíì. Gbíngbìn kọ́ ni wàhálà wa. Láti 2008 ni 14 oṣù Keje ti jẹ́ ọjọ́ igi gbíngbìn l'Ékòó, ọjọ́ náà sì máa ń dùn: fìlà tuntun, fọ́tò, pátákó tó ga ju igi lọ. Èyí tí àwọn kan gbìn sí ẹnu ọ̀nà òpópónà wa, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ kí fọ́tò tó jáde. Èyí tí ewúrẹ́ ò rí, ọyẹ́ rí i, torí kò sẹ́ni tó bu garawa omi kan sí i. Pátákó nìkan ló yè. Ìyá alákàrà ń fi í bo gaàrí.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó máa lọ gbàwé àṣẹ nígbà tí àwọn oníná dé ní Ọjọ́rú. Iná ò bá wọn dé o. Àwọn nìkan ló dé, pẹ̀lú àkàbà àti àdá. Apá tó kọjú sí wáyà ni wọ́n gé kanlẹ̀, wọ́n da ẹ̀ka sórí tábìlì ìgéṣọ mi, lórí léèsì oníléèsì, wọ́n bá tiwọn lọ. Gbogbo ẹrù igi wá fì sí apá ilé Alága. Alága jí, ó wòkè, ó ké pé igi fẹ́ pa òun. Ẹjọ́ parí nìyẹn.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n bù lé ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn onílé sì gbà á lọ́wọ́ àwa ayálégbé. Ọmọkùnrin kan gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé, ó bẹ́ igi lórí, ó gé apá rẹ̀ gbogbo, ó fi ìtì sílẹ̀ kodoro, ó ní owó ìtì ò sí níbẹ̀. Ó kó igi lọ tà fún àwọn tó ń yan ẹja. Owó wa ló gbà, igi wa ló tà.

Òjò kan rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gọ́tà kún wọ ilé onílé àkọ́kọ́. Wọ́n ṣì ń wá ewé tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ti ra aṣọ ìbomọ́tò. Wòlíì ní àwọn àjẹ́ ti kó lọ sórí igi máńgòrò òpópónà kejì, ó sì ti kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé wọn. Èmi wà nínú oòrùn. Irin ẹ̀rọ mi ń gbóná débi pé mo lè fi lọ aṣọ.

Ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òógùn bo akápò, Alága ń fi ìwé ìṣirò owó fẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé àdúgbò nílò kánópì: ẹgbẹ̀rún méje àtààbọ̀ náírà lórí ilé kọ̀ọ̀kan fún tapólì. Ní ti rírán rẹ̀, Alága ní ṣebí télọ̀ wà, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ ibòji dùn jù, kó fi ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe àdúgbò lóore. Mo béèrè ibi tí wọ́n máa so okùn kánópì mọ́, kí n lè mọ bí n ó ṣe wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ní ara ìtì igi yẹn ni.