Apabátìrì

Bí ẹ bá dé Ìkirè tí ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín to sólà, tí ẹnìkan bá nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ yáa bá ọ̀nà yín lọ. Bàbá rẹwáyà kan ní Apòmù ló sọ mí ní Apabátìrì, orúkọ náà sì ti dé etí àwọn ọlọ́kadà. Bí mo bá dúró létí títì báyìí, wọn kì í bi mí níbi tí mò ń lọ mọ́. Wọ́n á kàn ní, "Apabátìrì, ẹ gùn ún."

N kì í bá wọn jà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ké pé bátìrì òun kú, ẹnu ni mo máa ń dì. Bátìrì tó dédé kú kò wọ́pọ̀. Pípa ni à ń pa wọ́n. Láti ọdún 1859 tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe bátìrì òjé, díẹ̀ ni ìwà burúkú tí èèyàn lè hù sí i tí èmi kò tíì hù.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní ọgbà Ìkirè ni oníbàárà mi. Mò ń bá wọn tẹ pírójẹ́ẹ̀tì, mò ń bá wọn ṣe fọ́tókọ́pì, ìyàwó mi sì ń dín dódò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Apòmù là ń gbé. Ìlú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn tán. Ìwé ìjọba ló kúkú mọ̀ pé Irewọlé ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìkirè, tí Apòmù sì jẹ́ ti Ìṣọ̀kan.

Epo ló lé mi dé ìdí sólà. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú gbọ̀pá àṣẹ tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré mi bí àna tó wá kí wa tí kò fẹ́ lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lórí yúníìtì kan. Àdúgbò tiwa kò sí ní Band A, nítorí náà a kò san owó tuntun. A kò sì rí iná.

Mo ra páànẹ́lì, mo ra ìnfátà. Owó tó ṣẹ́kù kò tó ra bátìrì sólà, ni mo bá gba Apòmù lọ. Ọjà Apòmù kì í ṣe ọjà àná. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé látijọ́, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ó yẹ kí n ti fura. Bàbá rẹwáyà bi mí pé, "Ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi bátìrì sí?" N kò fẹ́ kó mọ̀ pé sólà ni, torí mo ti gbọ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ sólà báyìí, owó á fò sókè. Mo ní, "Ọkọ̀ ìyàwó mi ni." Ìyàwó mi kò ní ọkọ̀. Títí dòní, bí bàbá yẹn bá rí i lẹ́yìn ọ̀kadà, á kí i dáadáa, á wá bi í pé, "Ọkọ̀ yín ò tíì jáde lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ni?"

Ká ní mo sòótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni ì bá fi sọ ohun tí mo padà fowó kọ́ fún mi. Òjé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú bátìrì ọkọ̀. Agbára ńlá ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ́ńjìnnì lè ta, tí ọkọ̀ bá sì ti ń lọ, á dá ohun tó lò padà fún un. Òjé inú bátìrì sólà nípọn ní tirẹ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ló máa ń tú tirẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, lójoojúmọ́.

Ìnfátà mi gbìyànjú láti gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, "pí, pí, pí." Bátìrì òjé oníwọ̀n fólíìtì 12 tó bá yó máa ń wà ní nǹkan bíi fólíìtì 12.7, tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé bíi 12.2, ìdajì ti lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kéèyàn ti pa fáànù. Èmi gbọ́ igbe yẹn lóru, inú bí mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi yọ ohun tó ń ké nínú rẹ̀. Ó yọ ọ́. Mo fún un lówó mínírà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn wọra, tí bátìrì sì ń gbẹ lóru lóru láìsí ẹni tó gbọ́.

Mo tún wá bá wọn lọ síbi òkú l'Ékòó, mo fi bátìrì náà sílẹ̀ lófìfo. Bátìrì òjé tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìyó, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ òjé rẹ̀. Tó bá pẹ́, á le gbagidi, iná kò ní lè tú u mọ́. Nígbà tí mo dé, mo gba iná sí i, mítà ní ó ti yó. Mo tan gílóòbù kan ṣoṣo, ó já wálẹ̀ sí fólíìtì 9.

Mo wá yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo ra tọ́búlà, bátìrì gíga tí wọ́n máa ń bu omi sí. Ó ní àwọn ọ̀pá kékeré tó ń léfòó lórí rẹ̀, tó fi ń hàn bí omi bá ti ń tán. Omi bátìrì ni wọ́n ní kéèyàn máa rà sí i, èyí tí wọ́n sè tó di ooru, tí wọ́n sì sọ padà di omi, tí ohun kankan kò bá a wá. Mo ro owó rẹ̀. Mo wo kànga ẹ̀yìnkùlé wa, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Mo ní omi tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń mu, kí ni bátìrì fi sàn jù wá lọ? Irin àti ẹfun tó wà nínú omi kànga, tí ojú kò rí, bátìrì rí wọn.

Kì í ṣe èyí nìkan. Ẹ̀yìn tí bátìrì bá ti yó tán ni wọ́n ń bu omi sí i, àyàfi tí òjé rẹ̀ bá ti hàn síta. Àárọ̀ ni èmi bu tèmi, mo sì bù ú dé ẹnu. Nígbà tí oòrùn kan orí, tí iná ń wọlé, aṣídì wú, ó ń hó, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ lára bátìrì. Mo sáré mú àkísà, mo nù ún. Ṣòkòtò gínnì tí mo fẹ́ràn jù ló wà nídìí mi.

Ohun tó burú nípa aṣídì bátìrì ni pé kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ta sí ṣòkòtò, ó gbẹ, n kò rí nǹkan kan. Ìyàwó mi fọ̀ ọ́, ó sá a, èmi náà ká a láìwò ó. Ọjọ́ ìpàdé àwọn onílé ni mo wọ̀ ọ́, bùbá rẹ̀ sì kúrú. Ọ̀rọ̀ owó táńsífọ́mà là ń sọ, mo dìde láti ṣàlàyé pé ẹni tó ní sólà kò yẹ kó dá iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ní. Mo ti ń sọ ọ́ dáadáa nígbà tí mo rí i pé alága ń wo itan mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, a ti rí i pé ẹ ò lówó." Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ní eku ni. Mo ní eku ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà kò sì ṣeé lò pẹ̀lú ìnfátà kékeré, torí bó bá ti fẹ́ gbóná báyìí, ó lè fa bí ẹgbẹ̀rún wáàtì lẹ́ẹ̀kan. Mo ra ìnfátà oníwọ̀n fólíìtì 24, èyí tó túmọ̀ sí pé bátìrì méjì ni mo gbọ́dọ̀ so tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kan tuntun ni mo rà. Ọmọkùnrin tó wá to sólà náà bẹ̀ mí pé kí n má so ọ̀tun mọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ọkọ aládódò ni mí. Mò ń rí i lójoojúmọ́ bí wọ́n ti ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tó ti dúdú, tí wọ́n á gún un mọ́ ata, tí wọ́n á fi epo dín in, tí àwọn arìnrìn-àjò á sì máa sáré rà á. Mo ti gbàgbọ́ pé kò sí ohun tó gbó jù ní Ìkirè.

Bátìrì méjì tí a bá so tẹ̀lé ara wọn, iná kan náà ló ń gba inú wọn kọjá. Èyí tó ti gbó kò lè gba nǹkan púpọ̀ mọ́, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ yó, tí iná sì ń sè é nígbà tí ọ̀tun ṣì ń fẹ́ oúnjẹ. Lálẹ́, òun náà ló ń kọ́kọ́ tán, tí ọ̀tun á sì máa wọ́ ọ tuurutu. Àròpọ̀ méjèèjì nìkan ni ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà ń rí. Lójú tirẹ̀, àlàáfíà wà.

Òórùn ló kọ́kọ́ tú mi fó. Bátìrì tí iná ń sè jù máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ń dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń yínmú. Ọ̀kan sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá, ẹ yẹ ẹyin yín wò." Ó ní òun kì í ta ẹyin. Ọmọ náà wo agbada, ó wo ojú rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ aládódò kejì.

Mo gbé ogbó yẹn lọ bá bàbá rẹwáyà. Bàbá ṣí ìdérí rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ni mo bá yọ ìṣáná kí n lè ràn án lọ́wọ́. Ó gbá ọwọ́ mi dànù. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú bátìrì tó ń hó, iná kékeré kan tó láti bú u gbàmù, kí aṣídì sì wẹ gbogbo ojú wa. Lẹ́yìn tó ti rọra mí, ó mú ìgò gígùn kan tó ní rọ́bà lórí, tí ohun kan ń léfòó nínú rẹ̀. Ó fi fa aṣídì láti inú ihò kìn-ín-ní, ó gbé e sójú oòrùn: nǹkan náà léfòó. Ó tú aṣídì padà. Ihò kejì, ó léfòó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìkarùn-ún. Ní ìkẹfà, nǹkan náà jókòó sísàlẹ̀ ìgò, kò mira, ẹrẹ̀ dúdú sì ń yí ká lára rẹ̀.

"Kí lẹ bù síbí?"

Mo ní omi bátìrì ni.

"Èwo nínú omi bátìrì?"

Mo ní, "Ti ilé."

Ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ tí bàbá ń fún mi parí sí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, apabátìrì ni ọ́!" Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.

Bátìrì nìkan sì kọ́ ni mo pa. Mo fi ìnfátà kún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́sàn-án tí mo fẹ́ yọ ogbó náà kí n lè gbé e lọ bá bàbá, oòrùn mú ganrínganrín, n kò sì pa iná páànẹ́lì. Mo tú wáyà bátìrì. Bátìrì ló ń di fólíìtì mú kó má fò sókè; bí kò bá ti sí níbẹ̀, tí páànẹ́lì ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tó bá ti orí òrùlé wá ni àwọn ẹ̀rọ yòókù máa gbà. Páànẹ́lì oníwọ̀n fólíìtì 12 méjì tí a so tẹ̀lé ara wọn, tí kò rí ibi gbé iná sí, lè tó fólíìtì 44. Mo gbọ́ "pàù!" Èéfín jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó de orí kẹrin pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà ní òdìkejì títì kí n tó yíjú padà.

Ọmọkùnrin tó to sólà náà dé, ó wo ògiri, ó wo mí. Lọ́jọ́ tó to ó, ó ti fi máákà kọ ọ́ sára ògiri, gàdàgbà-gadagba: BÁTÌRÌ NI KẸ́ Ẹ KỌ́KỌ́ SO, BÁTÌRÌ NI KẸ́ Ẹ YỌ KẸ́YÌN. Mo ti fi kàlẹ́ńdà bò ó. Ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára lójú mi.

Bàbá rẹwáyà fi ìwọ̀n ra òkú bátìrì lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti da aṣídì rẹ̀ sí gọ́tà. N kò tíì dà á, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn mi. Ó ní òjé tó bá ti dé inú ilẹ̀ tàbí ara ọmọdé, ọpọlọ ọmọ náà ló ń bá jà, àwọn tó sì ń fọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé, ìyà ọmọ ara wọn ni wọ́n ń rà. Mo gba owó mi, mo tẹ́ríba.

Líthíọ́ọ̀mù là ń lò báyìí. John Goodenough wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí irú bátìrì yìí ní ọdún 2019. Ẹni ọdún 97 ni nígbà tó gbà á, ó sì hàn pé ó ti pàdé irú mi kó tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì náà kì í mu omi, kì í rùn, ó sì ní ẹ̀rọ kan nínú tó ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá fa iná jù, á pa ara rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, á pa ara rẹ̀. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń yọ ohun tó ń ké nínú èyí.

Ṣùgbọ́n owó àjọ ìyàwó mi ló rà á, orí fóònù tirẹ̀ sì ni wọ́n gbé áàpù rẹ̀ sí. Ó ń dín dódò, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó ń rí gbogbo wáàtì tí mo bá fà. Láàárọ̀ yìí, ọmọ kan bẹ̀ mí pé òun ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí n jẹ́ kí òun yára lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú. Mo fi áyọ́ọ̀nù sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì rọra ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá ọmọ mi," ohùn dún láti ìta, "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wo ló ń fa 1,200 láìtẹ ìwé?"

Mo ní, "Èyí tuntun ni."

Ó ní, "Ẹ gbé e jáde, kí n rí i."