Ẹ Wá San Owó Orúkọ Kétu

Àbá kan wà nílẹ̀ tí àwa ará Kétu ní Benin kò tíì gbé lọ síwájú ìjọba, ó sì ti tó àkókò. Kí gbogbo àdúgbò, ìlú àti ilé òrìṣà tó ń jẹ́ Kétu láyé máa sanwó ìlò orúkọ fún wa lóṣooṣù, ní séfà, kí wọ́n má fi náírà dà wá láàmú. Kétu ti Kósọ̀fẹ́ l'Ékòó ni kí ìwé gbèsè kọ́kọ́ kàn, torí gbèsè tirẹ̀ ló ga jù. Ẹ pe Kétu létí ọmọ Èkó, ọjà èso ni yóò rántí, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti kọ̀ndọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó tó ń ké "Kétu, Mile 12, mú ṣéńjì ẹ dání o!" Kò ní rántí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà odi wa, kò ní rántí Alákétu ọba wa. Lẹ́yìn Èkó, kí ìwé náà gba Tógò kọjá dé Gánà, níbi tí ìjọba ti fi orúkọ wa sọ àgbègbè méjì, Ketu South àti Ketu North, tí bodè Aflao fúnra rẹ̀ sì wà nínú ọ̀kan. Kí ó wá wọkọ̀ òkun lọ sí Salvador ní Bàhíà, ilẹ̀ Brazil. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé tó pọ̀ níbẹ̀ ń pe ara wọn ní ẹ̀yà Ketu, ilé òrìṣà kan tó ń jẹ́ Ilê Maroiá Láji sì wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Alaketu. A kò gbọ́ pé wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ ààfin.

Àwọn tó lè ti àbá yìí lẹ́yìn kò ṣàìní ẹ̀rí. Nínú ìwé ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọmọ-ọmọ Odùduwà méje wà níbẹ̀, Alákétu ni ìkejì. Olówu nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Ìlú tí ọba rẹ̀ jókòó sípò kejì nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, tó ní yàrà ńlá yíká àti ẹnu ọ̀nà odi tí àjèjì kò lè gbà wọlé láìjẹ́ pé àwọn oníbodè yẹ̀ ẹ́ wò, kò yẹ kí ó wá di pé bí ọmọ rẹ̀ bá dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀ l'Ékòó, kí wọ́n bi í léèrè pé ṣé nítòsí afárá ni àbí lọ́nà Alápẹ́rẹ̀. Ìbínú náà yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bí ẹni tó fẹ́ gba owó orúkọ ṣe lè jáde nílé láìkọ́kọ́ ṣí ìwé gbèsè tirẹ̀ wò, torí bí a bá ṣí ìwé yẹn, Kétu ni yóò kọ́kọ́ wọ gbèsè tí kò ní lè san.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1886. Ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dahomey, fọ́ Kétu, tí wọ́n sun ún níná, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dahomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ọmọ Glèlè ni àwọn tó kù tó padà wá tún ilé kọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá eérú jáde ni akọ̀wé Faransé kan yọ kálámù, ó kọ orúkọ gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó kọ ọ́ ní Dahomey. Bẹ́ẹ̀ ni ará Kétu ṣe di ọmọ Dahomey lórí ìwé, ó ń fi orúkọ ẹni tó jó o nílé san owó orí. Òmìnira dé ní 1960, orúkọ náà kò yí padà. Bàbá tí wọ́n bá kó ìyá rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀ ní 1886 lè gba káàdì ìdánimọ̀ tí Dahomey wà lórí rẹ̀ gàdàgbà, kí ó sì dì í mọ́ àpò bùbá rẹ̀ pẹ̀lú ìyì. A kò rí ẹni tó bi Àgbómẹ̀ pé èló ni wọ́n ń gbà lórí orúkọ wọn nígbà náà. Bóyá wọ́n gbà pé a ti san án tán.

Ní 30 oṣù kọkànlá 1975, ìjọba Mathieu Kérékou pa Dahomey rẹ́, ó sọ orílẹ̀-èdè náà di Benin. Ìdí tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n wá. Dahomey jẹ́ orúkọ ìjọba ìlú kan ṣoṣo, àwọn ẹlòmíràn tó wà nílẹ̀ náà, Bàrìbá, Yorùbá, Dẹ́ńdí àti ará etí òkun, kò lè máa jẹ́ orúkọ ọ̀gá àtijọ́ títí láé. Ẹ bá mi yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti rí Benin? Wọ́n ní láti ara òkun ni, torí apá òkun tó wà níwájú wa yìí ni àwọn atukọ̀ òyìnbó ti ń fi Benin pè láti ayébáyé. Ta ló wá fún òkun lórúkọ? Ọ̀dọ̀ Ìbìní ni, ìlú Ẹ̀dó tó wà ní Nàìjíríà, tí Ọba Akenzua Kejì wà lórí ìtẹ́ rẹ̀ lọ́dún náà gan-an. A gba orúkọ lọ́wọ́ òkun kí a má baà kan ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín. Ẹ tún wá padà sí ìwé Johnson, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Alákétu ni ọmọ kejì, ọba Ìbìní ni ìkẹta. Nítorí náà láti 1975 ni ẹ̀gbọ́n ti ń jẹ́ orúkọ àbúrò. Òun nìkan sì kọ́. Oníṣàbẹ tó jẹ́ ìkarùn-ún àti Olúpópó tó jẹ́ ìkẹfà, ilẹ̀ tiwọn náà bọ́ sí Benin. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ-ọmọ méje ló kóra jọ sábẹ́ orúkọ ọmọ-ìyá wọn tí kò gbé ibẹ̀, tí ààfin rẹ̀ sì wà lókèèrè ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí ààfin Ìbìní bá kọ ìwé gbèsè sí Kutọnu lọ́la, mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀.

Èkó tí à ń bínú sí kò sàn jù wá. Lagos tí wọ́n ń fi yangàn fún gbogbo ayé, orúkọ ìlú etí òkun kan ní gúúsù Pọ́túgà ni, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Gánà gba tirẹ̀ ní 1957 lọ́wọ́ ìjọba ọba àtijọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní apá ibi tí Mòrìtáníà àti Màlì wà lónìí, Gánà òde òní kò sì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rárá. Congo méjì kọjú síra wọn lódìkejì odò kan náà, olú ìlú wọn ń wo ara wọn láràárọ̀, kò sí èyí tó gbà kí èkejì yọwọ́. Ilé ẹjọ́ tó bá máa dá irú ẹjọ́ yìí yóò kọ́kọ́ wá adájọ́ tí orúkọ ìlú tirẹ̀ kì í ṣe àyálò.

Ẹnìkan yóò ní ká fi ẹjọ́ sílẹ̀, ká wo wàhálà ojoojúmọ́: lẹ́tà tó ṣìnà, fóònù tó júwe ibi tí kò yẹ, ọjà tí wọ́n kó sọ́kọ̀ tó balẹ̀ síbòmíràn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wàhálà yẹn ti lóògùn kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe fóònù. Ẹ wo Ìlárá. Ìlárá kan wà lára ilẹ̀ Kétu àtijọ́, tí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní 1889 já sí apá Nàìjíríà pẹ̀lú Ìmẹ̀kọ, Ìwóyè àti Ìdófà. Ìlárá wà ní Ondó, ó wà ní Ẹpẹ, ó wà ní Rẹ́mọ. Kò sí èyí tó pe èkejì lẹ́jọ́. Wọ́n kàn fi orúkọ ilé kún un: Ìlárá-Mọ̀kín, Ìlárá-Ẹpẹ, Ìlárá-Rẹ́mọ, Ìlárá-Kétu. Àjàṣẹ́ tiwa wà, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, Àjàṣẹ́-Ìpo sì wà ní Kwara. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi ń bèèrè "Kétu wo?" kò tó èyí tí ọlọ́kadà zémidjan wa fi ń wá ṣéńjì. Ìgbà tí ìjọba bá fẹ́ bá wa tún un ṣe gan-an ló ń bàjẹ́. Ní Benin níbí, tí wọ́n bá pín abúlé kan sí méjì, I àti II ni wọ́n sábà ń kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bíi pé ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ló ń sọ ẹlẹ́wọ̀n lórúkọ. Abúlé tó bá jẹ́ II yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàlàyé pé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó, àfi bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń kọ̀wé kò mọ̀.

Ẹlòmíràn yóò gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ní orúkọ jẹ́ ọlá, bí gbogbo èèyàn bá ń jẹ́ ẹ, ọlá rẹ̀ yóò ṣá. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo bí orúkọ náà ṣe jáde nílé. Ìtàn àwọn Ewe, tí wọ́n ni Ketu ti Gánà, sọ pé Kétu ni wọ́n ti ṣí wá sí Notsé, níbi tí wọ́n wà kí wọ́n tó sá fún ọba Agokoli. Orúkọ ibi tí wọ́n gbà pé àwọn ti wá ni wọ́n gbé lọ, ó sì dà bíi pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un ju bí ìdajì àwa tó wà nílé ṣe ń ṣe lọ. Ti Bàhíà ló dójú tì wá. Ìtàn ilé Alaketu sọ pé ọmọbìnrin ìdílé ọba Arò ní Kétu, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey jí gbé, ló tẹ ilé náà dó. Kò di Kétu sẹ́rù lọ fún ìyangàn. Orúkọ ni ohun kan ṣoṣo tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọkàn akin, kí ó fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn yóò dá èsì padà, wọn yóò sì so ìwé tiwọn mọ́ ọn: iye ọdún tí wọ́n fi gé ìrèké láìgbowó, àti iye èèyàn tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè. Ọ̀wọ́n séfà ni yóò tẹ̀lé e.

Nítorí náà mo yí àbá mi padà díẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún abúlé ló ń jẹ́ Lhota, torí látijọ́ ni wọ́n ti ń fún ẹni tó bá wá ṣán igbó tuntun ní ọdún mélòó kan tí kò ní sanwó fún onílẹ̀, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sì ń tibẹ̀ jẹ́ Lhota. Kò sí ẹni tó ń gba owó orúkọ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Àpéjọ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn á gbàlejò, àwọn Lhota yòókù á wá, wọ́n á mu bíà, wọ́n á ta bọ́ọ̀lù. Kétu lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oúnjẹ kò sí ìṣòro, ẹni tó bá jẹ àmàlà tán lè fi ọsàn Mile 12 panu. Ìjókòó ni yóò fa ìjà díẹ̀, àti èdè, torí Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Ewe àti Potogí ni yóò bá Yorùbá wọ gbàgede, kí àwọn ará Bàhíà tó wá fi orin òrìṣà bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Ìrìn àjò ló kù. Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, nítorí náà kí àwọn ará Èkó tètè gbéra, kí wọ́n gba Abẹ́òkúta, kí wọ́n gba Ìmẹ̀kọ, kí wọ́n dé Ìlárá. Òṣìṣẹ́ bodè yóò fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀, èrò yóò kọ Kétu. Níbi tí wọ́n bá ti bèèrè ibi tó ń lọ, yóò kọ Kétu. Ọ̀gá bodè yóò wo fọ́ọ̀mù, yóò wo ojú rẹ̀, yóò ní kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó dúró de ẹni tó tẹ̀lé e, bóyá ìyẹn mọ ibi tó ń lọ.